Quang Tri Kì Í Ṣe Pápá Sinimá Ogun Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò "ibi mẹ́wàá tó yẹ kó o dé kó o tó kú," mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ lónìí. Ó gùn o. Ẹni tí dátà rẹ̀ ò bá pọ̀, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Ìpínlẹ̀ kan wà ní àárín orílẹ̀-èdè Vietnam, Quang Tri lorúkọ rẹ̀. Ẹ lọ tẹ orúkọ yẹn sórí ìkànnì fídíò tó bá wù yín. Hẹlikópítà lẹ máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà sójà Amẹ́ríkà tó ń sáré nínú igbó, lẹ́yìn náà òyìnbó kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó dúró sẹ́nu ihò, tó ń sọ pé ibi tí Amẹ́ríkà ti ja ogun Vietnam rèé. Orin á dún. Ó parí nìyẹn.

Ohun tí wọ́n fi hàn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ wọ́n mú ilẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ lé ní 700 ọdún, wọ́n gé e lórí, wọ́n gé e lẹ́sẹ̀, wọ́n wá gbé ìwọ̀nba ọdún tí àlejò fi wà níbẹ̀ fún wa pé òun ni gbogbo ara. Onílé wá di ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn nínú fíìmù, ẹni tí kamẹ́rà ò dúró wò. Ìjà tèmi nìyẹn.

Mi ò tíì dé Vietnam o, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ fi bi mí ní kọ́mẹ́ǹtì. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, fídíò ìtàn ni mo sì ń ṣe látìgbà tí mo ti jáde. Ẹni tó ń ka ìwé ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò kúrò nílé.

Ohun tó bí mi nínú: iléeṣẹ́ kan tó ń ta ìrìn àjò afẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn, ní kí n kọ ọ̀rọ̀ fídíò ìṣẹ́jú kan lórí Quang Tri. Mo kọ ọ́. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú àmì pupa. Ìlà tó sọ nípa bọ́ǹbù tó ṣì wà nílẹ̀, yọ ọ́. Ìlà tó sọ nípa ọmọ tí wọ́n bí sábẹ́ ilẹ̀, yọ ọ́. Ọmọọba tí wọ́n fi ilẹ̀ fẹ́, wọ́n ní ta ló mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní kí n wá hẹlikópítà sí i, torí èyí tí mo kọ ń pa vibe. Owó yẹn dáa, mi ò ní purọ́. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Wọ́n sì rí ẹlòmíràn, fídíò ti jáde, hẹlikópítà wà níbẹ̀ gbáà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ìlà tí wọ́n yọ, ká wo èwo nínú wọn ló ń pa vibe.

Ọmọọba ná. Láyé ìgbà yẹn, Vietnam kò tíì gùn tó báyìí. Ìjọba Dai Viet wà ní àríwá. Ní gúúsù wọn ni Champa wà, ilẹ̀ àwọn Cham, tí ẹ̀sìn wọn ti Íńdíà wá, tí wọ́n ń fi bíríkì pupa kọ́ ilé òrìṣà gogoro. Ilẹ̀ Champa ni Quang Tri nígbà náà. Ní 1301, Tran Nhan Tong, ọba Dai Viet tó ti gbé oyè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, lọ kí Che Man tó jẹ́ ọba Champa, ó sì fi ọmọbìnrin rẹ̀ ṣèlérí fún un. Huyen Tran lorúkọ ọmọ náà. Àwọn ìjòyè nílé yarí. Kí wọ́n fi ọmọọba fún àjèjì! Ọ̀rọ̀ náà ń fà títí di 1306, ohun tó sì tú u ni ìdána. Che Man kó agbègbè méjì lọ́wọ́ kan, O àti Ly, ó kó o fún àna.

Ìdána ni mo wí o. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún lórí ìkànnì yìí lójoojúmọ́ pé ìwé àna gùn, pé wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé iṣu 42 àti àpò iyọ̀ wá. Ọkùnrin kan fi ilẹ̀ ṣe ìdána. Ara Quang Tri òní wà nínú ẹ̀, agbègbè ibi tí ìlú Hue wà náà wà nínú ẹ̀.

Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣègbéyàwó tí Che Man fi kú. Ìtàn àwọn ará Vietnam sọ pé wọ́n fẹ́ kí ayaba bá ọkọ rẹ̀ wọ iná, ni Dai Viet bá rán ìjòyè kan, Tran Khac Chung, ó lọ gbé e sá padà wálé lójú omi. Ìyàwó padà, ilẹ̀ ò padà. Ní 1307 wọ́n ti yí orúkọ O àti Ly sí Thuan àti Hoa. Champa jagun jagun láti gba ilẹ̀ ìdána yẹn, ó sú wọn.

Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìjà àna wà níbẹ̀, sísá lóru wà níbẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn onísinimá wa á fi èyí ṣe apá kìíní dé apá kẹrin. Ìlà yìí ni wọ́n ní kó sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ta ló máa mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ̀ ń yọ ọ́?

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀ kí n tó kọjá. Àwọn Cham di ẹ̀yà kékeré lónìí nínú orílẹ̀-èdè tó gba ilẹ̀ wọn. Torí náà nígbà tí mo bá sọ pé "onílé," mo mọ̀ pé onílé kan wà tó ti wà níbẹ̀ kí onílé yìí tó dé. Lórí òkè, lọ́nà ààlà Laos, àwọn Bru-Van Kieu àti Pa Co wà níbẹ̀ títí di òní, èdè wọn yàtọ̀, ilé wọn yàtọ̀. Fídíò mélòó lẹ ti rí wọn?

Nguyen Hoang dé ní 1558, ó tẹ̀dó sí Ai Tu, ní Quang Tri, láti ibẹ̀ ni ìdílé Nguyen ti gbilẹ̀ títí wọ́n fi jọba lórí gbogbo Vietnam ní 1802. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kan Áfíríkà.

Ní July 1885, Faransé gba Hue, tó jẹ́ olú ìlú. Ọba ọmọdé kan, Ham Nghi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 14, sá wọ Quang Tri pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, dé odi kan ní Tan So, ní agbègbè Cam Lo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 13 oṣù náà pé kí tọmọdé tàgbà dìde ti ọba lẹ́yìn. Can Vuong ni wọ́n ń pe ìjà yẹn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń wá a nínú igbó. Ní 1888, ẹni tirẹ̀ ló tà á. Faransé gbé e lọ sí Àlgéríà. Ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ọnà tó ń ya àwòrán, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1944. Ọba Vietnam, ayàwòrán, ó kú sí Áfíríkà. Ẹ wá sọ fún mi pé Quang Tri ò ní nǹkan kan lẹ́yìn hẹlikópítà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ogun fúnra rẹ̀, torí mi ò sọ pé kí ẹ má sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ délé ni mo wí.

Ní 1954, lẹ́yìn tí wọ́n na Faransé ní Dien Bien Phu, àwọn alágbára ayé jókòó ní Geneva, wọ́n fa ìlà la Vietnam sí méjì. Ìlà náà gba orí odò Ben Hai, tó wà nínú Quang Tri. Àríwá bọ́ sọ́wọ́ Ho Chi Minh àti ẹgbẹ́ rẹ̀, gúúsù bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Saigon. Kìlómítà márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, sójà ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, pé ìbò máa wáyé ní 1956 láti so ó pọ̀. Ìbò ò wáyé. Ìgbà díẹ̀ di ọdún 21.

Ẹ fi ara yín sípò ará Quang Tri. Ìpínlẹ̀ yín gan-an ni wọ́n là. Vinh Linh bọ́ sí àríwá, Gio Linh bọ́ sí gúúsù. Ẹ̀gbọ́n ẹ wà lọ́hùn-ún, ìwọ wà níhìn-ín, odò tí ẹni tó mọ omi lúwẹ̀ẹ́ lè là kọjá ló wà láàárín, o ò sì lè lọ kí i nígbà tó bímọ.

Afárá kan wà lórí odò náà, Hien Luong, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 178. Wọ́n fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Gúúsù á kun ìdajì tiwọn ní àwọ̀ kan, Àríwá á yára kun tiwọn ní àwọ̀ kan náà kí afárá lè jọ ọ̀kan, Gúúsù á tún lọ yí tiwọn padà. Ìjà ọ̀dà! Wọ́n gbé gbohùngbohùn ńlá dojú kọ ara wọn, tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn méjì tó ń ta orin lójú títì kan náà á mọ ohun tí etí àwọn èèyàn yẹn rí. Òpó àsíá náà, tibí bá ga, tọ̀hún á ga jù ú. Ti Àríwá ga títí ó fi lé ní mítà 38.

Ó ń pani lẹ́rìn-ín títí di 1967, nígbà tí bọ́ǹbù Amẹ́ríkà fọ́ afárá náà.

Ìlà kejì tí wọ́n yọ: Vinh Moc. Etí òkun ló wà, níwájú díẹ̀ sí àríwá odò yẹn. Apẹja ni wọ́n. Láti 1965 ni bọ́ǹbù ti ń rọ̀ lé wọn lórí. Ilé wọn jóná, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ọkọ́, ṣọ́bìrì, agbọ̀n. Wọ́n gbẹ́ ẹ ní ipele mẹ́ta, èyí tó jìn jù lé ní mítà 20, ẹnu ọ̀nà 13, méje nínú ẹ̀ ṣí sójú òkun. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀ lára ògiri, tí ẹni mélòó kan bá ti jókòó, ó kún. Kànga wà níbẹ̀. Ibi ìpàdé wà. Yàrá ìgbẹ̀bí wà.

Ọmọ 17 ni wọ́n bí síbẹ̀.

Obìnrin ń rọbí lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ orí rẹ̀ ń mì tìtì, iná àtùpà ń kú. Ó bímọ. Ọmọ náà yè. Èyí ni ìlà tí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, tó fi àmì pupa sí.

Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń pe ibẹ̀ ní "ihò àwọn Viet Cong," ẹ jọ̀ọ́. Cu Chi lẹ fi ń pè. Cu Chi wà nítòsí Saigon, ti àwọn ajagun ni. Vinh Moc, ìlú ló wọlẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ń ti ibẹ̀ kó oúnjẹ àti ohun ìjà lọ sí erékùṣù Con Co, mi ò fi pamọ́. Síbẹ̀ ilé ìyá àti ọmọ ni.

Khe Sanh ni fídíò yín máa ń pẹ́ sí jù. Ọjọ́ 77 ní 1968, Àríwá ká àwọn sójà Amẹ́ríkà mọ́ ibùdó wọn lórí òkè, nígbà tó di July ọdún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà fúnra wọn tú ibùdó náà ká, wọ́n lọ. Ó tán. Nǹkan tó wà ní Khe Sanh lónìí ni oko kọfí, kọfí náà sì dára gan-an, ó yẹ kẹ́ ẹ fi ìyẹn ṣe fídíò.

Èmi, 1972 ni mò ń rò. Àríwá gba ìlú Quang Tri ní ìbẹ̀rẹ̀ May. Gúúsù kó ogun padà wá, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà ń bẹ lókè orí wọn. Odi àtijọ́ kan wà láàárín ìlú náà, tí ọba Minh Mang fi bíríkì mọ ní 1837. Orí odi yẹn ni wọ́n jà sí fún ọjọ́ 81, láti June 28 dé September 16. Ọ̀pọ̀ àwọn tí Àríwá kó wá síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, wọ́n fi kíláàsì sílẹ̀ ní Hanoi. Òru ni wọ́n ń la odò Thach Han kọjá láti wọnú odi, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gúnlẹ̀. Nígbà tó parí, Gúúsù gba odi padà, ìlú ò sì sí mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ Bo De wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ògiri rẹ̀ lu bí ajere.

Koríko tútù ló kún inú odi báyìí. Ní July 27, tó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń rántí àwọn tó bógun lọ, àwọn èèyàn máa ń gbé òdòdó àti àtùpà sórí odò Thach Han, á máa ṣàn lọ. Orí koríko yẹn lẹ ti rí ẹni tó ń jó lórí TikTok, àbí èmi nìkan ni mo rí i?

Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ pé mò ń gbèjà Vietnam, mo máa ṣẹ̀ yín báyìí.

Ìjọba Vietnam náà ń gé ìtàn. Ní Truong Son, nínú Quang Tri, ibi ìsìnkú kan wà tí sàréè rẹ̀ lé ní 10,000, àwọn tó kú lójú ọ̀nà tí Àríwá ń gbà kó ogun lọ sí gúúsù.  Ó ń mú omi bọ́ lójú, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ àwọn ọmọ Vietnam tó jà fún Gúúsù, tí àwọn náà kú sórí odi kan náà, tí ìyá tiwọn náà sunkún, kò sáyè fún wọn ní irú ibi ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará ìlú tó ń sá lọ sí gúúsù lójú títì Hai Lang ní òpin April 1972, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí kẹ̀kẹ́, tí ìbọn ńlá àwọn ará Àríwá bá lójú ọ̀nà. Orúkọ tí àwọn oníròyìn Saigon sọ títì yẹn túmọ̀ sí Òpópónà Ìpayà. Ìtàn àwọn tó ṣẹ́gun kì í dúró lórí ẹ̀. Sinimá Amẹ́ríkà náà kì í dúró lórí ẹ̀, torí òyìnbó kọ́ ló kú níbẹ̀.

Tó o bá lè ya fídíò Vinh Moc tí o ò sì lè dárúkọ títì yẹn, ìpolongo lò ń ṣe. Tó o bá lè dárúkọ títì yẹn tí o ò sì lè dárúkọ Vinh Moc, ìpolongo náà lò ń ṣe. Owó ẹni tó ń san án ló kàn yàtọ̀.

Kí ló wá mú mi sọ ọ́ lásìkò yìí? Láti July 2025, Vietnam ti pa àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, 63 di 34. Wọ́n so Quang Tri pọ̀ mọ́ Quang Binh tó wà lókè rẹ̀. Orúkọ Quang Tri ló dúró, olú ìlú sì lọ sí Dong Hoi. (Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Láti 1976 sí 1989, wọ́n so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú agbègbè Hue.) Quang Binh ló ni Phong Nha, ihò àpáta tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2003, òun náà ló ni Son Doong, ihò àpáta tó tóbi jù lọ láyé tí a mọ̀. Ọkùnrin ará abúlé kan, Ho Khanh, ló ṣèèṣì bá ẹnu rẹ̀ pàdé nígbà tí òjò lé e, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń wo ihò àpáta sì wá wọ̀n ọ́n ní 2009. Nǹkan bí 3,000 dọ́là ni wọ́n ń gbà kéèyàn tó wọ̀ ọ́.

Ṣé ẹ rí ibi tó ń lọ? Láìpẹ́, "Quang Tri" á di fídíò drone inú ihò, ìmọ́lẹ̀ á tan láti òkè, ọmọge á na ọwọ́ méjèèjì. Hẹlikópítà á lọ, ihò á rọ́pò ẹ̀. Àwọn tó wà láàárín á tún wà lẹ́yìn kamẹ́rà.

Bẹ́ẹ̀ ihò àpáta yẹn gan-an ò sá fún ìtàn. Lójú ọ̀nà 20, nínú igbó Phong Nha, ihò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Obìnrin Mẹ́jọ. Ní November 1972, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún títì ṣe sá wọ ibẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀. Àpáta já, ó dí ẹnu ihò. Wọ́n jẹ́ mẹ́jọ, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin mẹ́rin, orúkọ ihò náà kò tilẹ̀ sọ ọ́ tán. Àwọn tó wà níta ń gbọ́ ohùn wọn fún ọjọ́ mélòó kan, wọn ò sì lágbára láti ṣí àpáta náà. Ọdún 1996 ni wọ́n tó kó egungun wọn jáde. Ọjọ́ orí wọn ò ju tiwa yìí lọ.

Nǹkan mìíràn tí pípapọ̀ yìí ṣe, tí mi ò tíì rí ẹni tó fi ṣe fídíò: Odò Gianh wà ní Quang Binh. Láti bí 1627 ni ìdílé Trinh ní àríwá àti ìdílé Nguyen ní gúúsù ti ń bá ara wọn jà, odò Gianh ni ààlà wọn, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Odò Gianh lókè, odò Ben Hai nísàlẹ̀. Odò méjèèjì tí wọ́n fi la Vietnam sí méjì ti wá wà nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo báyìí. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro: ibẹ̀ ni ilẹ̀ náà ti tín-ín-rín jù, láti òkun dé Laos ò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ níbòmíràn nínú ẹ̀. Ibi tí okùn bá ti tín-ín-rín, ibẹ̀ làwọn tó ń fà á máa ń já a sí. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣẹ́jú kan, ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni máa yí i kọjá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sísàlẹ̀: "Àwa wá gbafẹ́, a ò wá ṣọ̀fọ̀." Ẹ gbafẹ́! Etí òkun Cua Tung wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ wọn ta, ata ò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn, ẹnu ọmọ Yorùbá ò ní ṣàárò ilé. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín ni? Ìtàn ìdána yẹn ń pani lẹ́rìn-ín. Ìjà ọ̀dà ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ pé òtítọ́ ń pa vibe kò tíì gbọ́ òtítọ́ náà ni.

Ó ku ìlà tó dùn wọ́n jù. Bọ́ǹbù.

Ogun parí ní 1975. Láti ìgbà náà, nínú Quang Tri àtijọ́ nìkan, ohun tó lé ní 8,000 èèyàn ni bọ́ǹbù tó ṣẹ́kù ti ṣe lọ́ṣẹ́ tàbí pa. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní 3,000. Lẹ́yìn ogun o! Wọ́n fojú bù ú pé nínú bọ́ǹbù mẹ́wàá tí Amẹ́ríkà jù, ọ̀kan ò bú. Ó wọlẹ̀, ó ń dúró. Èyí tó burú jù ni àwọn kéékèèké tí wọ́n ń dì pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún sínú ìkarahun ńlá kan, tí á ṣí lójú ọ̀run, tí wọ́n á fọ́n ká. Róbótó ni wọ́n, bí ọsàn. Ọmọdé rí i, ó rò pé bọ́ọ̀lù ni. Àgbẹ̀ ṣá ọkọ́ lé e. Àwọn tí ebi ń pa ń wú irin náà láti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, torí irin bọ́ǹbù lówó lórí, ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi dáko ló sì kún fún un. Ìṣẹ́ ló ń rán wọn. Kì í ṣe àìgbọ́n.

Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé láé. Sinimá ni ẹni tó yàgbẹ́ ń ṣe. Àwọn tó ń kó o wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. MAG láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà níbẹ̀ láti 1999. Project RENEW bẹ̀rẹ̀ ní 2001, àwọn sójà Amẹ́ríkà àtijọ́ tí ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí wọ́n sùn sì wà lára àwọn tó ràn án dìde. Owó ìjọba Amẹ́ríkà náà wà nínú iṣẹ́ náà báyìí, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ọmọ ìlú ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ikọ̀ kan sì wà tó jẹ́ obìnrin nìkan. Wọ́n á to okùn sórí pápá, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ irin, ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹsẹ̀ bàtà kan, nínú oòrùn Quang Tri tí kì í ṣe oòrùn eré. Ìjàǹbá ti dínkù gan-an nítorí wọn. Èmi ò rí fídíò wọn kankan nínú "ibi mẹ́wàá." Iṣẹ́ tó le jù lọ níbẹ̀, obìnrin ló ń ṣe é, ẹ sì ń wá hẹlikópítà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àdéhùn àgbáyé kan wà láti 2008 tó fòfin de irú bọ́ǹbù ọlọ́pọ̀ ọmọ yẹn. Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, a parí ìfọwọ́sí tiwa ní 2023. Amẹ́ríkà tó jù ú ò sí nínú ẹ̀. Vietnam tí wọ́n jù ú lé lórí náà ò sí nínú ẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n lábẹ́ àwọn fídíò yẹn, ẹ bi wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ẹ̀yin tí físà yín ti jáde, tí ẹ sì ń lọ lóòótọ́: ẹ bi ẹni tó ń mú yín kiri pé ìlú wo ló ti wá, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tó pẹ́. Ẹ dúró lórí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀, pàápàá lókè Khe Sanh. Tẹ́ ẹ bá rí irin róbótó nínú koríko, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má yàwòrán pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má jù ú ní òkúta. Ẹ fi àmì síbi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹ gba ojú ẹsẹ̀ yín padà, kí ẹ sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí. Wọ́n ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè, ọmọ iléèwé ibẹ̀ gbogbo ló mọ̀ ọ́n sórí.